Ọbasá: akéwì tó kó ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà sínú ìwé ìròyìn

Kí rédíò tó máa gbé ewì wá bá wa nínú ilé, kí Adébáyọ̀ Fálétí àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ tó di ìlú-mọ̀ọ́ká, ọkùnrin kan wà n'Íbàdàn tó ń tẹ ewì Yorùbá sínú ìwé ìròyìn tara rẹ̀. Dénrelé Adéètimíkan Ọbasá lorúkọ rẹ̀. D. A. Ọbasá ni wọ́n máa ń kọ sára ìwé. Wọ́n bí i ní 1879, ó sì kú ní 1945. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù nínú mọ́tò, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kàn wá gan-an.

Ìwé ìròyìn Yorùbá kì í ṣe nǹkan tuntun nígbà ayé rẹ̀. Láti 1859 ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Nígbà tó fi máa di nǹkan bíi 1920 sókè, Èkó ti gbóná: Èkó Àkéte dé ní 1922, Elétí Ọfẹ tẹ̀ lé e ní 1923, Akéde Èkó ti I. B. Thomas sì jáde ní 1928. Àmọ́ Èkó ni gbogbo ìwọ̀nyẹn wà. Ìbàdàn ni Ọbasá jókòó sí ní tirẹ̀. Ní 1924 ló dá The Yoruba News sílẹ̀, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó ń sọ Yorùbá tó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ilé ìtẹ̀wé, Ilare Press. Òun ló ni ìwé, òun ni olóòtú, òun náà ló tún ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Èmi tí mò ń fi ìròyìn kíkọ jẹun mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láyé ìgbà náà, lẹ́tà òjé ni wọ́n ń ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọ̀rọ̀ kan tó lè dúró lórí bébà. Ẹni tó bá fi irú wàhálà bẹ́ẹ̀ tẹ ewì, ó ti mọ̀ pé ewì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Ọbasá kò dá nìkan wà. Ó wà nínú Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn bíi Isaac Akínyẹlé, tó padà wá di Olúbàdàn, ti ń ro bí ìtàn àti àṣà ilẹ̀ wọn kò ṣe ní parun. Akínyẹlé kọ ìtàn ìlú. Ewì ni Ọbasá mú ní tirẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ó máa ń tẹ́tí sí òwe, oríkì, ẹsẹ Ifá àti àwọn ọ̀rọ̀ tí àgbà ń sọ lójúde, á sì kó wọn jọ. Tó bá wá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́, tàbí ìwà, tàbí owó, tàbí ìkà, á to gbogbo èyí tó bá ọ̀ràn náà mu tẹ̀ léra, á gé ibi tó gùn, á fi tirẹ̀ kún un, títí yóò fi di odindi ewì. Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927, ìkejì ní 1934, ìkẹta ní 1945, ọdún tó kú gan-an.

Àwọn kan ti sọ pé akójọ lásán ni Ọbasá, pé kì í ṣe akéwì, torí pé ọ̀rọ̀ ará ìlú ló pọ̀ níbẹ̀. Mi ò gbà. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ kọ́ ló gbin ata, síbẹ̀ a mọ ọbẹ̀ ẹni tó dùn. Títò tí Ọbasá to ọ̀rọ̀ yẹn, òun ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ ká fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀: orúkọ Ọbasá ló wà lẹ́yìn ìwé, orúkọ àwọn àgbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn kò sí níbẹ̀. Bí ìwé ṣe ń gba ọ̀rọ̀ là, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbàgbé ẹni tó ni ín.

Ní Ìlobì níbí tí mo wà, a mọ ewì kí ìwé tó dé. Ẹ̀fẹ̀ ni tiwa, akọrin òru tó máa ń jáde kí ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Á júbà àwọn ìyá, á yin ẹni tó ṣe dáadáa, á sì fi ẹni tó jí owó ìlú ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó lè mú un. UNESCO ti fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú àkójọ ogún àjogúnbá aráyé ní 2008, a sì ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n orin Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n kọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ńkọ́, ta ló lè kà á fún mi? Mo gba ọ̀kan sílẹ̀ sínú fóònù nígbà kan. Fóònù náà bọ́ sómi. Nígbà tí mo fi máa padà lọ bá bàbá tó kọ ọ́, wọ́n ti sin ín.

Ohun tó mú kí n bọ̀wọ̀ fún Ọbasá nìyẹn. Ó rí i pé etí nìkan kò lè tọ́jú ọ̀rọ̀ mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ṣòfò. Afọlábí Olabimtan, akéwì àti òǹkọ̀wé tó ṣojú àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 1999, ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó ní 1974 lórí ewì Yorùbá alákọsílẹ̀ láti 1848 dé 1948. Ọbasá wà láàárín àwọn tó yẹ̀ wò. Ká ní Ọbasá kò tẹ̀ ẹ́ ni, kí ni Olabimtan ì bá rí yẹ̀ wò?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ilé ìtẹ̀wé tó náà Ọbasá lówó àti òógùn wà nínú àpò yín báyìí. Bí ìyá yín àgbà bá ń ki yín láàárọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi àmì sí i. Kí ẹ sì kọ orúkọ màmá sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà yè kí olóhùn ṣègbé.