David Huffman: Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fẹ́ ṣe ìdánwò

Bí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux bá ń tàn, kernel rẹ̀ sábà máa ń wà ní fífúnpọ̀, ó dìgbà tí wọ́n bá tú u sínú mẹ́mórì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Gzip ni wọ́n fi ń fún un pọ̀ bí ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ kò bá yan òmíràn. Inú gzip yìí ni ọgbọ́n David Huffman wà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kan àwa tí à ń kọ́ ẹ̀dá-èdè.

Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1925. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó gboyè àkọ́kọ́. Ó wọṣẹ́ ológun orí omi, wọ́n sì jọ kó àwọn bọ́ǹbù tí wọ́n rì sínú òkun lápá Japan àti Ṣáínà kúrò lẹ́yìn ogun.

Ní 1951, ó wà ní MIT, nínú kíláàsì Robert Fano. Fano ní kí wọ́n mú ọ̀kan: ìdánwò àṣekágbá tàbí àpilẹ̀kọ. (Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, ẹ mọ èyí tí a máa mú.) Iṣẹ́ náà ni kí wọ́n wá ọ̀nà tí a ó fi máa kọ lẹ́tà ní 0 àti 1, tí ọ̀rọ̀ yóò fi kúrú jù lọ. Fano kò sọ fún wọn pé òun àti Claude Shannon ti gbìyànjú rẹ̀, tí ọ̀nà tí wọ́n rí kò pé tó.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni Huffman fi jà á. Ó ti ń da ìwé rẹ̀ nù, ó fẹ́ kọjú sí ìdánwò, kó tó yé e. Òkè ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ń pín lẹ́tà sí méjì-méjì wá sílẹ̀. Òun bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: mú méjì tó ṣọ̀wọ́n jù, so wọ́n pọ̀, kà wọ́n sí ọ̀kan, kí o tún mú méjì mìíràn tó ṣọ̀wọ́n jù, títí yóò fi ku ẹyọ kan. Èyí tó wọ́pọ̀ á gba àmì kúkúrú, èyí tó ṣọ̀wọ́n á gba gígùn. Ẹ wo Yorùbá náà: ó, ni, tí, sí. Àwọn tí à ń lò jù ni wọ́n kúrú jù.

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952, kò sì gba àṣẹ oní-nǹkan lé e lórí. Ní 1967 ó lọ sí Santa Cruz ní California, níbi tó ti kọ́ni, tó sì ń ká bébà sí oríṣiríṣi àrà. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní oṣù kẹwàá 1999.

Lónìí, xz máa ń fún kernel pọ̀ ju gzip lọ, àmọ́ títú rẹ̀ máa ń pẹ́. LZ4 ń tú kíákíá, fáìlì rẹ̀ ló tóbi, kò sì lo ọgbọ́n Huffman rárá. Lójú tèmi, ẹni tí dísìkì rẹ̀ ń falẹ̀ ni fáìlì kékeré yẹ. Ẹni tí tirẹ̀ yá, kó wá èyí tó ń tètè tú. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló ń yí ètò tó bá nílẹ̀ padà? Ẹni tó ṣe ètò náà ló ti yan fún gbogbo wa. Zstd, tí a ti lè fi fún kernel pọ̀ láti kernel 5.9 ní 2020, wà láàárín àwọn méjèèjì, Huffman sì tún wà nínú rẹ̀.