Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasànmí, Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Tó Jẹ Gíwá ní Ifẹ̀

Bí ẹ bá ti Ọ̀fàtẹ̀dó dé Yunifásítì Ifẹ̀, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìkàwé ńlá ibẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni, tiwa náà ni.

1919 ni wọ́n bí i. Ó kàwé dé Harvard, ètò ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kọ́. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀, Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Kò pẹ́ tí òṣèlú wọ̀ ọ́, débi pé àwọn olùkọ́ kan kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Inú wàhálà yẹn ni Olúwasànmí bá a ní 1966 tó di Gíwá. Ní 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ọgbà tí gbogbo ayé ń yìn lónìí sì dìde.

Ọdún 1975 tó kúrò náà ni ìjọba àpapọ̀ gbà á lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Láti ìgbà yẹn, àwọn ló ń yan alága Káńsù. Àwọn kan ń ráhùn. Èmi ò bá wọn ráhùn tán, torí ìjọba tó wà nítòsí ló kọ́kọ́ da ibẹ̀ rú.

Ó kú ní 1983. Ní 1987, yunifásítì gba orúkọ Awólọ́wọ̀. Ilé ìkàwé ṣì ń jẹ́ Olúwasànmí.