Mary Tealby, Ìyá Àwọn Ajá Tó Sọnù

Bí mo bá rí ajá tí egungun ìhà rẹ̀ hàn gbangba nítòsí ọjà Máìlì 12, obìnrin yìí ni mo máa ń rántí. 1801 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1860 ó dá ilé kan sílẹ̀ ní Holloway, ní Lọ́ńdọ̀nù, fún ajá tó sọnù àti èyí tí ebi ń pa. Àwọn oníwèé ìròyìn fi í ṣẹ̀sín. N kò dá wọn lẹ́bi tán, nítorí òtòṣì kún ìlú náà. Síbẹ̀, kò jáwọ́, títí ó fi kú ní 1865. Ní 1871 ilé náà kó lọ sí Battersea, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Lónìí, iye ajá tó wọlé nìkan kọ́ ni a fi ń mọ ilé tó dára: ṣé ajá ń jẹun, ṣé ó ń sùn, ṣé ó ríbi sáré, àbí ẹ̀rù ló ń bà á?