Ẹni Ìbùkún Cyprian Michael Iwene Tansi: Ẹni tí Arankàn Kò Rí Pa

Bí a ti ń ṣe àjọ̀dún júbílì páríṣì wa ní Tokpota yìí, ó yẹ kí a rántí àlùfáà Áfíríkà kan tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn wá bí ìgbàgbọ́ ti ń mú kí ènìyàn dàgbà nínú ìdáríjì.

Ní ọdún 1903 ni a bí i ní Aguleri, ní ilẹ̀ Íbò. Tabansi, bàbá rẹ̀, ti jìyà ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Òyìnbó. Ó sì sọ ọmọ náà ní Iwegbune, èyí tí í ṣe àdúrà pé kí arankàn má ṣe pani. Ní ọdún 1912, ọmọ náà gba ìrìbọmi, ó sì di Michael.

Lẹ́yìn náà ni ìbànújẹ́ ńlá dé. Àwọn ọmọdé ń kú ní àdúgbò wọn, aláfọ̀ṣẹ sì na ìka sí Ejikwevi, ìyá rẹ̀, pé òun ni ó ń pa wọ́n. Wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọ́n sì mú kí ó mu májèlé.

Ta ni nínú wa tí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní dà láàmú? Àwa náà mọ bí irú ẹ̀sùn yìí ti tú ọ̀pọ̀ ẹbí ká, tí ọmọ ìyá kan náà kò fi kí ara wọn mọ́.

Ọ̀nà tí Michael tọ̀ kì í ṣe ti ẹ̀san. Ó ṣe olùkọ́, ó wọ sẹ́mínárì ní ọdún 1925, a sì fi í jẹ àlùfáà ní Onitsha ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1937. Ó ṣiṣẹ́ ní Dunukofia àti ní Akpu. Ní ọdún 1949, a fi í ṣe alábòójútó páríṣì Aguleri gan-an. Ìlú tí ó ti pàdánù ìyá rẹ̀ ni ó padà sí gẹ́gẹ́ bí bàbá ọkàn fún gbogbo wọn. Ọwọ́ tí ì bá gbẹ̀san ni ó fi súre fún wọn, òun ni ó fi fún wọn ní Ara Olúwa, òun náà ni ó gbé sókè láti tú wọn sílẹ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ wọn.

Ní ọdún 1950, ó lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì ní Mount Saint Bernard ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti gba orúkọ Cyprian. Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1964. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1998, Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì, ẹni tí ó bẹ ilẹ̀ Benin wa wò ní 1982 àti 1993, kéde rẹ̀ ní Ẹni Ìbùkún ní Oba, lẹ́bàá Onitsha, ó sì pe àwọn ènìyàn sí ìlàjà.

Ará, ìdáríjì kì í ṣe pé kí a pe ibi ní rere. Ohun tí wọ́n ṣe sí Ejikwevi burú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í dàgbà ní ọjọ́ kan. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ó wà láàrin ìrìbọmi ọmọ náà àti ìpadàbọ̀ rẹ̀ sí Aguleri. Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi sùúrù bẹ̀rẹ̀, nínú àdúrà, nínú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti nínú Ẹbọ Mísà. Kí ẹni tí ó ń bínú sí ará ilé rẹ̀ lọ bá a kí àjọ̀dún yìí tó parí. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí arankàn pa ẹnikẹ́ni nínú wa. Àmín.