Ọ̀ṣúntókun: Dókítà tó tọpa àrùn dé ìdí ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu gààrí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun fún yín. Òkèmẹ̀sí-Èkìtì ni wọ́n ti bí i ní 1935. Ó di dókítà ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn.

Ní àwọn ọdún 1960, ẹsẹ̀ ń jó àwọn aláìsàn kan bí iná, ìrìn wọn ò ranlẹ̀, ojú wọn ń ṣókùnkùn. Ó tọ àrùn náà dé Ẹ̀pẹ́, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àti oúnjẹ wọn wò, ó wá tọ́ka sí sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́.

Ó fi fítámínì B tọ́jú wọn, kò ràn án. Kò fi bò, ó kọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ń kan sáárá sí i.

Ó kú ní 1995. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan dáadáa kí ẹ tó yan án o.