Samuel Àjàyí Crowther: Bíṣọ́ọ̀bù tó túmọ̀ ẹ̀kọ́ ọkọ àti aya sí èdè Yorùbá

Nígbà tí àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ẹjìgbò lọ tẹ̀dó sí Tamale, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, ní ọ̀rúndún ogún, wọn kò fi ìsìn wọn sílẹ̀ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Wọ́n dá ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń jọ́sìn. Bíbélì tí wọ́n gbé dání ni èyí tí Samuel Àjàyí Crowther ṣáájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Crowther kò dé Tamale rí. Síbẹ̀, ìbéèrè kan tó gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀lé àwọn oníṣòwò wọ̀nyí débẹ̀: kí ni ìgbàgbọ́ Kristẹni ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ, kí ló sì ń béèrè lọ́wọ́ aya, láàárín àwọn ènìyàn tí aya ti ní ọjà àti owó tirẹ̀, tí àṣà sì gba ọkọ láàyè láti fẹ́ ju obìnrin kan lọ?

Ilé tí ogun tú ká

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí Àjàyí sí Òṣoògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní. Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú náà. Wọ́n kó o pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Àfàlà, àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pín wọn níyà. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún fi í pààrọ̀ ọtí àti tábà, títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí ní Èkó.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ ẹrú náà dúró lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sierra Leone. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay.

Ọmọbìnrin kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀ ló fi ṣe aya. Asano ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó di Susan Thompson nígbà ìrìbọmi. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1829. Nílẹ̀ Yorùbá, mọ̀lẹ́bí ló ń tọrọ ìyàwó, mọ̀lẹ́bí kan náà ló sì ń pàrọwà nígbà tí ìjà bá dé. Àjàyí kò ní bàbá tàbí ìyá nítòsí tí yóò ṣe èyí fún un. Ìjọ ló dúró gẹ́gẹ́ bí ẹbí, ẹ̀jẹ́ tí tọkọtaya náà jẹ́ níwájú pẹpẹ ló sì di okùn ilé wọn.

Ọkọ lójú ọ̀nà, aya nílé

Olùkọ́ ni ọkọ, olùkọ́ ni aya. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Abigail, ọ̀kan nínú wọn, ló fẹ́ Thomas Babington Macaulay tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Àwọn ni wọ́n bí Herbert Macaulay, olóṣèlú tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀.

Iṣẹ́ ìhìnrere kò jẹ́ kí Crowther jókòó sílé. Ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì gun odò Ọya lọ ní ọdún 1841, 1854 àti 1857. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní London ní ọdún 1843. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Láti ìgbà náà, àwọn ìjọ ẹ̀bá odò Ọya ni ó ń bẹ̀ wò láti ọdún dé ọdún.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì ń kọ́ni nígbà náà ni pé ọkọ ni olórí ilé, kí aya sì jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí olórí ilé bá wà lórí odò fún oṣù púpọ̀, ọwọ́ aya ni ìtọ́jú ilé ń bọ́ sí. Láìsí Susan, iṣẹ́ tí a fi mọ Crowther kì bá ti rọrùn.

Ìyá rẹ̀ pẹ̀lú padà sínú ìtàn náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Àfàlà tún fi ojú kan ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1848, ọmọ ló ṣe ìrìbọmi fún ìyá. Ó sì fún un ní orúkọ Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ọ̀ràn olóbìnrin púpọ̀

Kò sí ọ̀rọ̀ tó le fún ìjọ nílẹ̀ Yorùbá bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ní ìyàwó púpọ̀. Ní ọdún 1857, ẹgbẹ́ CMS, lábẹ́ akọ̀wé rẹ̀ Henry Venn, fìdí òfin kan múlẹ̀: a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀, ṣùgbọ́n a lè ṣe é fún àwọn ìyàwó rẹ̀.

Crowther fara mọ́ òfin yìí. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé obìnrin kò ní agbára lórí iye ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń fẹ́, nítorí náà kò tọ́ kí a fi ẹ̀bi ọkọ tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìjọ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé aya lè di ọmọ ìjọ kí ọkọ rẹ̀ tó dé ibẹ̀, kí ó sì fúnra rẹ̀ dáhùn fún ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ìrora tirẹ̀. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ìrìbọmi ní láti yọ àwọn ìyàwó yòókù sílẹ̀. Níbo ni obìnrin tó ti bímọ méjì tàbí mẹ́ta fún un yóò lọ? Ta ni yóò ni àwọn ọmọ? John William Colenso, bíṣọ́ọ̀bù Natal ní gúúsù Áfíríkà, sọ ní gbangba pé ìkà ni kí a fi agbára lé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ jáde. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní ọdún 1888 kò gba èrò Colenso. Wọ́n ní kí olóbìnrin púpọ̀ wà ní kíláàsì títí yóò fi lè pa òfin ìjọ mọ́, wọ́n sì fi ọ̀ràn àwọn ìyàwó sílẹ̀ fún ìjọ ìbílẹ̀ láti pinnu.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ Yorùbá ló fara mọ́ èyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1891, àwọn kan dá United Native African Church sílẹ̀ ní Èkó, ìjọ náà sì padà gba olóbìnrin púpọ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ inú Bíbélì àti òfin ìlú

Ọdún 1884 ni odidi Bíbélì Yorùbá parí. Nínú Éfésù orí karùn-ún, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ nípa ọkọ àti aya, ọ̀rọ̀ méjì ló gbé ẹrù náà lédè Yorùbá: "tẹríba" àti "orí." Yorùbá a máa tẹríba fún àgbà láìjẹ́ ẹrú rẹ̀. Orí ni wọ́n sì gbà pé ó ń gbe ènìyàn. Ẹni tí orí rẹ̀ bá kọ̀ ọ́ wà nínú ewu. Ọkọ tó bá ń pe ara rẹ̀ ní orí ti gba ẹrù. Pọ́ọ̀lù kò sì fi ọ̀rọ̀ mọ sọ́dọ̀ aya, nítorí ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ pé kí ó lè fi ara rẹ̀ jìn nítorí aya rẹ̀.

Ní ọdún 1884 kan náà, ìjọba Èkó ṣe òfin ìgbéyàwó. Ọkùnrin tó bá gbéyàwó lábẹ́ òfin náà kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn mọ́, aya àti àwọn ọmọ sì ní ẹ̀tọ́ sí ogún rẹ̀, yàtọ̀ sí àṣà tó fi ogún fún ọmọ àti ẹbí, tí kò fún aya.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, àti Tamale

Susan kú ní ọdún 1880, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún àti díẹ̀ nílé ọkọ. Àfàlà tẹ̀ lé e ní ọdún 1883. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ lọ́wọ́ Crowther lórí iṣẹ́ odò Ọya. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891.

Bíbélì rẹ̀ kò dúró sí Èkó. Ní Tamale, ọkọ ní ọjà tirẹ̀, aya ní tirẹ̀, owó wọn kò sì papọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe Yorùbá. Ẹ̀kọ́ Éfésù kò gba ìgbá ọjà lọ́wọ́ aya, bẹ́ẹ̀ ni kò mú ipò olórí ilé kúrò lọ́wọ́ ọkọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya Yorùbá fi ọjà sílẹ̀, wọ́n sì padà wálé.

Ní ọdún 1988, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìpinnu àkọ́kọ́, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tún pàdé ní Lambeth. Wọ́n gbà pé a lè ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, bí ìjọ àdúgbò bá fọwọ́ sí i, tí ó bá sì ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí èyíkéyìí nínú wọn bá wà láàyè. Wọ́n ní kí a má ṣe fi dandan mú un láti lé ìyàwó kankan jáde, nítorí ìyà tí yóò jẹ obìnrin náà.