Charles Bradlaugh àti Ọ̀ràn Ìbúra

Ní àdúgbò Hoxton ní ìlú London ni a bí Charles Bradlaugh, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1833. Akọ̀wé lọ́dọ̀ lọ́yà ni bàbá rẹ̀, owó tí ń wọlé fún un kò sì tó nǹkan. Nítorí náà ni ọmọ náà ṣe fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 11, tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ kiri. Kì í ṣe ọmọ tí ó kọ ẹ̀yìn sí ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni ó tilẹ̀ jẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí bíṣọ́ọ̀bù wá gbé ọwọ́ lé àwọn ọ̀dọ́ lórí, àlùfáà ìjọ ní kí ó múra sílẹ̀. Ó múra ju bí àlùfáà ti rò lọ. Ó fi ìwé ìlànà ìgbàgbọ́ Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé Ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rí ibi tí wọn kò ti bá ara wọn mu, ó sì kọ̀wé sí àlùfáà pé kí ó la òun lóye. Ìbéèrè ni ọmọ náà béèrè. Ìbáwí ni wọ́n fi dá a lóhùn. Àlùfáà fi tó bàbá rẹ̀ létí pé ọmọ náà ti di aláìgbàgbọ́, ó sì dá a dúró ní iṣẹ́ olùkọ́.

Kò pẹ́ tí ó fi ní láti kúrò nílé. Ó ta èédú, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń sá fún un nítorí èrò rẹ̀. Nígbà tí gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1850, wọ́n sì rán an lọ sí ilẹ̀ Ireland. Ní 1853 ó ra ara rẹ̀ jáde, ó sì di akọ̀wé lọ́yà bí bàbá rẹ̀. Ní àkókò yìí kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́ rárá, kò sì fi í pamọ́. Ó ń sọ ọ́ ní gbangba láti ìlú dé ìlú, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọ́ lókò nígbà mìíràn. Ní 1866 ni ó dá ẹgbẹ́ National Secular Society sílẹ̀.

Ní 1880 àwọn ará Northampton dìbò yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Níbẹ̀ ni wàhálà ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Aṣòfin gbọ́dọ̀ fi orúkọ Ọlọ́run búra kí ó tó jókòó. Bradlaugh bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ìlérí lásán, bí òfin ti gba àwọn ọmọ ìjọ Quaker láyè láti ṣe. Wọ́n kọ̀. Nígbà náà ni ó ní òun yóò búra bí àwọn yòókù. Ó yẹ kí a gbà pé èyí fún àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ohun tí wọn yóò dìmú: ẹni tí ó ti kọ ọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ ìbúra náà kò ní ìtumọ̀ lójú òun, báwo ni yóò ṣe búra? Ilé tún kọ̀. Nígbà tí kò sì fẹ́ jáde, wọ́n tì í mọ́ inú ilé gogoro agogo ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn ará Northampton tún yàn án, ní 1881, 1882, 1884 àti 1885. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1881, àwọn ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ wọ́ ọ jáde, bí ó ti sígbọnlẹ̀ tó, títí aṣọ rẹ̀ fi ya. Gladstone, olórí ìjọba, jẹ́ onígbàgbọ́ tí ó fọwọ́ pàtàkì mú ìsìn rẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó gbèjà òfin tí ìbá tú Bradlaugh sílẹ̀ ní 1883. Ìbò 3 péré ni òfin náà fi ṣubú, 289 sí 292. Ní oṣù kìíní ọdún 1886 ni Olórí Ilé tuntun, Arthur Peel, tó jẹ́ kí ó búra, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí i lọ́wọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Bradlaugh fúnra rẹ̀ ni ó mú òfin wá tí ó fún ẹnikẹ́ni tí kò ní ìgbàgbọ́ láyè láti ṣe ìlérí dípò ìbúra.

Ó jà fún àwọn ará Íńdíà pẹ̀lú, ó sì lọ sí ìpàdé Congress wọn ní Bombay ní 1889. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1891, Ilé Ìgbìmọ̀ pinnu láti pa ìpinnu tí wọ́n ṣe lòdì sí i ní 1880 rẹ́ kúrò nínú ìwé wọn. Bradlaugh ti wà lórí ibùsùn ikú, kò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 30. Ní Brookwood ni wọ́n sin ín sí, láìsí àdúrà, láìsí ìwàásù. Láàárín àwọn ará Íńdíà tí ó wá síbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní London, Mohandas Gandhi ni orúkọ rẹ̀.